Ọdún Tí A Pe Ara Wa Lórúkọ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn àgbà kì í fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni owó orí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè iye ọkùnrin tó wà lágbo ilé, wọn á ti gbà pé rìsíìtì owó orí ló ń wá. Wọn kò tíì gbàgbé àwọn akódà tó ń lé àgbẹ̀ kiri inú oko, bẹ́ẹ̀ ni ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 kò tíì jìnnà nígbà yẹn. Àwọn tó lọ́wọ́ sí ìjà náà àti àwọn tó sá fún un ṣì wà láàyè, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ nídìí ọtí ẹmu.

Bàbá mi, tó ń dá oko kòkó àti obì, ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní wọ́n ti ka òun títí ó ti sú òun, òun kò sì rí ibi tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ sí. Òótọ́ ni. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ka orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn òmìnira. Oṣù náà gan-an ni wàhálà ẹgbẹ́ Action Group bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn. Èsì ìkànìyàn yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù, wọ́n sì dà á nù. Wọ́n tún un kà lóṣù Kọkànlá ọdún 1963, wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55.7. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, wọ́n kà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní a ti di mílíọ̀nù 79.8. Ṣùgbọ́n nínú èsì ọdún 1973 yìí, iye àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn lọ sílẹ̀ ju ohun tó jẹ́ ní 1963 lọ. Bàbá mi, tí ìyá wa ń bímọ lé ọmọ fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, béèrè pé àwọn wo ló wá kú tí a kò gbọ́ òkú wọn. Nígbà tí Ọ̀gágun Murtala Mohammed gbàjọba ní 1975, ó fagi lé èsì náà pátápátá. Ìwé ọdún 1963 ni wọ́n wá ń fi pín nǹkan fún wa fún ọdún 28 gbáko. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti dàgbà, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ tirẹ̀, wọ́n ṣì ń fi ìwé ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ pín owó, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn fún un.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn ní 1991. Èmi jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú wa nígbà náà. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tuntun sílẹ̀, tí Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, tí Nàìjíríà sì di ìpínlẹ̀ 30. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìpín. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó tutù ni OGBC, rédíò Ìpínlẹ̀ Ògùn wa, bẹ̀rẹ̀ sí í polongo pé ìkànìyàn ń bọ̀, ọjọ́ 27 sí ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá. Àwọn tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ wá gbà síṣẹ́, nítorí a mọ̀wé, àwọn òbí sì mọ̀ wá lójú. Mo kọ orúkọ sílẹ̀. Bàbá mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní bí n bá máa lọ, kí n má ṣe kọ irọ́ sílẹ̀, nítorí irọ́ ló ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ti pín gbogbo ilẹ̀ sí ìsọ̀rí kéékèèké ṣáájú, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilé. Akànìyàn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tí a bá fojú wa rí níbi tí ó ń gbé nìkan ni kí a kọ. A kò gbọdọ̀ kọ ọmọ tí wọ́n ní ó wà ní Kánò tàbí Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́ ilé náà. Wọ́n tún jẹ́ kó yé wa pé fọ́ọ̀mù kò ní béèrè ẹ̀sìn, kò sì ní béèrè ẹ̀yà, nítorí nǹkan méjèèjì yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi nínú. Ní ìlú wa, inú ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé, àbúrò á máa kírun, ẹ̀gbọ́n á máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìdí tí ìjọba fi máa wá pín wọn sí ọ̀nà méjì lórí pépà.

Ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjà tì, ọkọ̀ kò rìn, ẹ̀rọ ìlapákó dákẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ ìlapákó kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí iṣẹ́ gẹdú ni ọ̀pọ̀ ń ṣe jẹ nílùú náà. Láti Òkè-Sópẹ́n dé Òkè-Àgbò, láti Òjòwò dé Àtìkorì àti Jápárá, àwọn ènìyàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń retí wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó ti dé láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, bí ìgbà tí ọdún bá ń bọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kà wọ́n sílé bàbá wọn.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àárín ìlú ni wọ́n rán mi sí. Àwọn abúlé inú ẹgàn ni wọ́n fún mi, níbi tí ọkọ̀ kì í dé, tí ọ̀kadà pàápàá ń gbé ènìyàn dé ìdajì ọ̀nà kó tó já a sílẹ̀. Ẹ rántí pé ìparí oṣù Kọkànlá nìyí. Kòkó ń pọ́n, wọ́n ń já a, wọ́n ń pa á, wọ́n ń sá a. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àkókò tí kòkó ń gbẹ dáadáa nìyẹn. Àgbẹ̀ wo ló máa fi kòkó sílẹ̀ lórí ẹní kó wá jókòó sílùú nítorí wọ́n fẹ́ kà á? Ìgbà tí ìlú kún fún àwọn ará Èkó, inú oko ni àwọn tó ń bọ́ ìlú wà. Bí a kò bá tọ̀ wọ́n lọ, bí ẹni pé wọn kò sí ni.

Nínú ẹgàn yẹn ni ojú mi ti là. Mo ti rò pé mo mọ ìlú wa. Mo bá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí baba ńlá wọn ló dá abúlé náà sílẹ̀, mo bá àwọn Àgàtú tó ń ṣe lébìrà oko, mo bá àwọn Ẹ̀bìrà, mo bá àwọn tó ti Kútọnu wá tí wọ́n ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju Ìjẹ̀bú lọ. Àwọn alágbàṣe ni ẹ̀rù bà jù. Wọ́n rò pé bí orúkọ wọn bá ti wọ ìwé, ìjọba máa ní kí wọ́n padà sí ìlú wọn. Mo ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹni tó ń gbé ibi kan ni ará ibẹ̀ nínú ìkànìyàn, pé ẹnu ọmọ wọn náà ń jẹ, ibà ń mú un, ó sì yẹ kó lọ sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Fọ́ọ̀mù ń béèrè iye ọdún ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú oko kò ní ìwé ìbí. Wọ́n ti fún wa ní ìwé kan tó kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńláńlá jọ, kí a lè fi wọ́n wá ọjọ́ orí. Ìwé yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn àgbà fúnra wọn rántí. Ìyá kan ní wọ́n pọn òun sẹ́yìn nígbà lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 tó pa ènìyàn káàkiri ayé, tó sì wọ ilẹ̀ Yorùbá láti etíkun Èkó. Mo ṣírò rẹ̀, mo kọ 73. Bàbá kan ní òun ti ń rìn kí Gbẹlẹ́gbúwà tó gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ ní 1933. Òmíràn ní ìyá òun ti wà nílé ọkọ nígbà tí Òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, òun sì ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn ka tiwọn sí ogun Hítílà, tàbí ọdún 1955 tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tàbí ìgbà rògbòdìyàn òṣèlú Wẹtíẹ̀. Fún àwọn ọ̀dọ́, mo ń béèrè bóyá wọ́n ti bí wọn nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba ọwọ́ òsì kí wọ́n tó yí i sí ọ̀tún ní 1972, tàbí nígbà tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973. Kò sí ìwé ìtàn tó kọ́ mi ní ìtàn ilẹ̀ wa bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe kọ́ mi. Àwọn tí mo rò pé wọn kò mọ nǹkan kan mọ ọdún wọn, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí.

Ìdènà tó ga jù lọ ni ti àwọn ọmọ. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá kan tó ń ṣa obì, mo kí i, mo jókòó, mo ní, "Ìyá, ọmọ mélòó ni ẹ bí?" Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan. Obìnrin tó ti sin ọmọ mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn máa na ìka sí àwọn tó ṣẹ́kù. Mo tún ohùn mi ṣe. Mo ní, "Ìyá, n kò ní kà wọ́n o. Ẹ kàn máa pè wọ́n lórúkọ fún mi." Ni ojú rẹ̀ bá tú ká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, ó ń fi oríkì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá pe ẹni tó wà nítòsí, onítọ̀hún á dáhùn láti ẹ̀yìn ilé. Bí mo ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀ ló ń pe àwọn tó wà l'Ékòó náà mọ́ ọn. Mo ní, "Àwọn yẹn kò ní sí níbí, Ìyá." Ó ní, "Ṣé ẹni tó bá wà l'Ékòó kì í ṣe ọmọ mi mọ́ ni?" Mo ní, "Ọmọ yín ni, Ìyá. Ibi tó sùn sí ni wọ́n ti máa kọ ọ́." Láti ìgbà náà lọ, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye ọmọ mọ́. Orúkọ ni mo ń béèrè, fọ́ọ̀mù mi sì ń kún.

Ní abúlé kan, mo bá ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ náà kò tíì ní orúkọ, nítorí náà kò tíì sí ohun tí n máa kọ. Mo ní ọmọ ń mí, ó ń sunkún, ó ń mu ọmú, ó ti wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun, ọkùnrin. Orílẹ̀-èdè ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, níbikíbi tó bá wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí ọ̀sà, lápá Àbígí àti Ìwòpín. Ìṣòro tirẹ̀ kì í ṣe ẹgàn, omi ni. Òru ni àwọn apẹja ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ti jáde kí akànìyàn tó dé, wọ́n á sì máa sùn lọ́sàn-án. Àwọn mìíràn ń ṣí láti ibùdó kan sí òmíràn bí ẹja ṣe ń ṣí. Ó ní kí òun tó lè kọ wọ́n, òun ní láti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, kí òun lọ dúró dè wọ́n níbi tí wọ́n ti ń sọ àwọ̀n kalẹ̀. Ó ṣe é, ó sì kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n a jọ mọ̀ pé níbi tí akànìyàn bá ti ya ọ̀lẹ, tàbí tí òkùnkùn bá ti bà á lẹ́rù, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú kúrò nínú ìwé.

Nígbà tí èsì jáde ní 1992, ẹnu ya gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé Nàìjíríà ti kọjá mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún dáadáa, ṣùgbọ́n èsì àkọ́kọ́ ní mílíọ̀nù 88.5 ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ 2,333,726 nínú èsì tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní wọ́n dín wa kù. Èmi rántí àwọn abúlé tí mo dé, mo sì rántí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, tí bóyá ẹlòmíràn ló yẹ kó dé ibẹ̀. Mo gbà láti ìgbà náà pé ẹni tó bá ń ráhùn pé a kéré nínú ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá gbogbo wa ló jáde kí wọ́n kọ wá.

Ohun tí ìwé náà ń ṣe kì í ṣe kékeré. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye ènìyàn ló ń gbé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye ènìyàn náà ni wọ́n fi ń ya ẹkùn ìdìbò. Títí di òní, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú tiwa, Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú àti Ogun Waterside ń pín aṣojú kan ṣoṣo ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Láti ẹgàn dé ọ̀sà, ohùn kan ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkòyè Ransome-Kútì, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ètò ìlera alábọ́dé tó gbé kalẹ̀ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dá lórí mímọ iye ọmọ tó wà níbì kan. Iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣírò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tí a kò kọ sílẹ̀ lábúlé, wọn kò ní gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn 1991, ọdún 15 ni a tún fi dúró. Láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2006 ni wọ́n tún kà wá, wọ́n sì ní a jẹ́ 140,431,790. Ìpínlẹ̀ Ògùn di 3,751,140, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú ní ènìyàn 284,336, Ogun Waterside ní 72,935. Ní Èkó, ìjọba Gómìnà Bola Tinubu kọ èsì mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí wọ́n fún wọn, nítorí ìkànìyàn tí ìpínlẹ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀ ti ní wọ́n ju mílíọ̀nù 17 lọ. Nínú ìjà yẹn, mo ronú kan àwọn ọmọ wa tó máa ń fi Èkó sílẹ̀ wá sílé nítorí ìkànìyàn. Ìfẹ́ ìlú ló ń gbé wọn wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Èkó ni omi wọn, Èkó ni títì wọn, Èkó ni ilé ìwé ọmọ wọn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ Olabisi Onabanjo University tó ń sùn ní Àgọ́-Ìwòyè: Àgọ́-Ìwòyè ló ń gbé ẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́. Bí olúkúlùkù bá jẹ́ kí wọ́n ka òun síbi tó ń gbé, kò sí ibì kan tí wọn yóò rẹ́ jẹ.

Wọ́n ti múra ìkànìyàn mìíràn tán fún ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, èyí tí wọn ì bá ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe dípò fọ́ọ̀mù, kí ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari tó sún un síwájú ní ìparí oṣù Kẹrin. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì ṣe é. Ìwé ọdún 2006 ti tó nǹkan bí ogún ọdún, ohun tó ṣe bàbá wa pẹ̀lú ìwé 1963 ti ń ṣe àwa náà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ará wa, ní ìlú àti ní oko, lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Nígbà tí wọ́n bá kéde ọjọ́, ẹ má ṣe sá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù mìíràn ti dé báyìí, pé àwọn ajínigbé ń dà wá láàmú, ẹni tí a kò mọ̀ rí kò sì yẹ kó wọlé kó máa béèrè iye ẹni tó wà nílé. Ẹ béèrè ìdánimọ̀ wọn, kí baálẹ̀ tàbí ẹnì kan tí abúlé mọ̀ sì bá wọn rìn. Òfin ní kí Àjọ Ìkànìyàn pa ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ mọ́. Kì í ṣe fún owó orí. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ onígẹdú àti àwọn olórí apẹja gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ṣáájú ibi tí àwọn ènìyàn wọn ń sùn sí, kí wọ́n lè mú akànìyàn débẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tó mọ̀wé, ẹ gba iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba ti inú ẹgàn àti ti etí ọ̀sà, nítorí ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ ni ọkàn wọn yóò balẹ̀ sí. Ẹ̀yin ìyá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ka ọmọ yín. Ẹ pè wọ́n lórúkọ nìkan, títí kan alágbàṣe tó ń gbé lẹ́yìn ilé yín àti ìkókó tí ẹ kò tíì sọ lórúkọ. Nígbà tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti pe tirẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó tún lè sọ fún wa pé a kò pọ̀ tó láti ní ilé ìwòsàn.